Ó Ṣe Ipò Kìíní ní Ẹkùn Mẹ́fà, Kò Rí Ọ̀kan Gbà: Bí Ìdìbò Ìbílẹ̀ Ṣe Ń Lọ ní Faransé

Ní alẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 2015, ẹgbẹ́ Front National ti Marine Le Pen ló ń ṣíwájú ní ẹkùn mẹ́fà nínú mẹ́tàlá tó wà ní ilẹ̀ Faransé, bí a bá yọ àwọn ilẹ̀ òkè òkun wọn sẹ́yìn. Lọ́jọ́ 13 oṣù náà, àwọn olùdìbò tún padà sí ibùdó ìdìbò. Ìbò tí ẹgbẹ́ náà rí lọ́jọ́ náà tiẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀, irú èyí tí wọn kò rí rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹkùn mélòó ni wọ́n wá gbà? Kò sí. Ẹyọ kan kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni pé wọ́n ti ṣe èrú. Wọn kò ṣe èrú kankan. Òfin ìdìbò wọn ló ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Máàpù aláwọ̀ pupa àti búlúù tí wọ́n máa ń gbé jáde lẹ́yìn ìdìbò ìbílẹ̀ ní Faransé kì í fi ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará ìlú hàn tààrà. Ẹni tó ṣẹ́kù sórí pápá ní ìpele kejì ló ń fi hàn, àti iye èènì tí òfin bù fún un. Ó pẹ́ kí èmi náà tó lóye rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra tú u.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì ló yẹ kí n kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ibi ìjókòó ló ti wá. Ní 1789, nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè nígbà ìyípadà ìjọba wọn, àwọn tó fẹ́ kí agbára ọba dúró jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún alága, àwọn tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ jókòó sí òsì. Lóde òní, apá òsì ni Parti Socialiste, àwọn Kọ́múníìsì àti ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń jà fún àyíká. Apá ọ̀tún ni Les Républicains àti àwọn ìbátan wọn. Front National, tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Rassemblement National ní 2018, ni wọ́n ń pè ní ọ̀tún paraku.

Ìpele mẹ́ta, àti préfet lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni commune wà. Ìlú ni mo máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abúlé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tó 35,000, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí èèyàn inú wọn kò tó 500. Síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní méyọ̀ tirẹ̀ àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Lókè ìlú ni département, wọ́n jẹ́ 101. Lókè ìyẹn ni région, tí mo ń pè ní ẹkùn. Ẹkùn 18 ni wọ́n ní: 13 ní Yúróòpù, 5 ní òkè òkun, bíi Guadeloupe, Martinique àti La Réunion.

Àwọn ará wa ní Kétu, Pobè àti Sakété lè fo ìpínrọ̀ yẹn. Inú département Plateau ni wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ní commune, wọ́n ní méyọ̀, wọ́n sì ní préfet tí ìjọba àpapọ̀ yàn. Lọ́dọ̀ Faransé ni Benin ti jogún gbogbo orúkọ àti ìlànà wọ̀nyí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dà rú mọ́ lójú, nítorí pé bí ẹ bá ti gbọ́ "ààrẹ ẹkùn," gómìnà ni ẹ máa rò.

Ààrẹ ẹkùn kì í ṣe gómìnà rárá. Àwọn ará ìlú kò dìbò yàn án tààrà. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹkùn ló ń yàn án láàárín ara wọn. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò lè ṣòfin. Kò ní ọlọ́pàá, kò ní ilé ẹjọ́, kì í sì í ṣe òun ló ń san owó oṣù olùkọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà kó sì tún un ṣe, kó bójú tó ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti ìlú dé ìlú nínú ẹkùn náà, kó ran àwọn oníṣòwò lọ́wọ́, kó sì ṣètò ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn tí kò ríṣẹ́. Ẹkùn Île-de-France, níbi tí Paris wà, ní èèyàn tó tó mílíọ̀nù 12, ṣùgbọ́n owó tí ìgbìmọ̀ ẹkùn náà ń ná lọ́dún kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù yúrò márùn-ún lọ. Département ló ń bójú tó àwọn arúgbó, àwọn aláàbọ̀ ara, àwọn ọmọ tí ilé kò ṣe ààbò fún, owó ìrànwọ́ fún àwọn tí kò rí nǹkan kan gbé dání, ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, àti ojú ọ̀nà tó pọ̀. Ìlú ló ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìgbéyàwó, àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́.

Préfet sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Napoleon ló dá ipò náà sílẹ̀ ní 1800, láti máa fi ojú Paris wo gbogbo ilẹ̀. Títí di 1982, préfet gan-an ló ń ná owó département. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn kàn ń jókòó, wọ́n ń jíròrò, wọ́n sì ń fọwọ́ sí i ni. Gaston Defferre ló yí i padà. Méyọ̀ Marseille ni, ó sì tún jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ François Mitterrand. Òfin tó gbé jáde ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, 1982, gba àpò owó lọ́wọ́ préfet, ó sì gbé e fún àwọn tí ará ìlú yàn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1986, ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹkùn. Nítorí náà, ẹkùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú lè "gbà" kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Èènì

Ẹ tẹ̀lé mi síbí dáadáa, nítorí ibí ni gbogbo rẹ̀ ti lọ́jú pọ̀.

Nínú ìdìbò ẹkùn, àkójọ orúkọ ni èèyàn ń dìbò fún, kì í ṣe ẹnì kan. Orúkọ ọkùnrin àti ti obìnrin gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ara wọn nínú àkójọ náà láti òkè délẹ̀. Bí àkójọ kan bá rí ju ìdajì ìbò lọ ní ìpele àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ parí. Kì í sábà ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó rí i, gbogbo àkójọ tó bá ní ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lè padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Èyí tó bọ́ sáàárín 5 àti 10 kò lè dá dúró mọ́, àmọ́ ó lè da orúkọ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Èyí tí kò tó 5, kó máa lọ sílé. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ka ìbò títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ń dúnàádúrà: ta ló máa bá ta lọ, ta ló máa juwọ́ sílẹ̀, orúkọ ta ni yóò wà lókè. Lọ́jú tèmi, ọjọ́ méjì yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo ìdìbò náà, òun sì ni ìròyìn kì í ráyè ṣàlàyé.

Ní ìpele kejì, wọn kò béèrè ìdajì mọ́. Ẹni tó bá ṣíwájú ló borí, ìbáà jẹ́ ìbò kan ṣoṣo ló fi ju ẹni tó tẹ̀lé e. Ẹni náà ni òfin wá bu èènì fún.

Ẹ mọ èènì. Bí ẹ bá ra ẹ̀wà lọ́jà, tí ìyá ọlọ́jà ti wọn iye tí ẹ sanwó rẹ̀, ó máa bu díẹ̀ sí i. Ní Faransé, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìjókòó ìgbìmọ̀ ni èènì tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún àkójọ tó borí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá pín ìyókù láàárín gbogbo wọn bí ìbò wọn bá ṣe pọ̀ sí, ẹni tó ti gba èènì á sì tún bá wọn pín in. Ẹ wo ẹkùn Provence-Alpes-Côte d'Azur, ní gúúsù ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń pè ní PACA. Ìjókòó 123 ló wà níbẹ̀. Èènì jẹ́ 31, ó ku 92. Ní 2021, Renaud Muselier ti apá ọ̀tún rí ìdá 57 ìbò ní ìpele kejì, Thierry Mariani ti Rassemblement National rí ìdá 43. Nínú 92 yẹn, Muselier mú 53, Mariani mú 39. Ẹ fi 31 kún ti Muselier, ó di 84. Ìgbìmọ̀ tí ìbò ì bá pín sí bíi mẹ́fà sí mẹ́rin wá di ilé tí ẹnì kan ń dá pàṣẹ nínú rẹ̀.

Kí ló mú wọn hùwà báyìí? Ọ̀rọ̀ 1998 ni. Nígbà yẹn, ìpele kan ṣoṣo ni wọ́n ń dì, kò sí èènì, wọ́n sì ń pín ìjókòó bí ìbò bá ṣe rí. Ìgbìmọ̀ púpọ̀ wá wà tí ẹnikẹ́ni kò ní ìdajì nínú wọn. Front National tó ní káńsẹ́lọ̀ díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, di olówò tí gbogbo èèyàn ń wá lóru. Ní Rhône-Alpes, Charles Millon ti apá ọ̀tún gba ìbò wọn kó tó di ààrẹ ẹkùn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Picardie, Bourgogne àti Languedoc-Roussillon. Ariwo sọ ní gbogbo ilẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1999, Anne-Marie Comparini ti rọ́pò Millon. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún òfin kọ: ìpele méjì, pẹ̀lú èènì, kí ẹni tó bá borí má baà ní ìdí láti lọ tọrọ ìbò lọ́wọ́ ọ̀tún paraku. Ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó.

Àmọ́ èènì kò mọ ojú ẹni tó ń jẹ ẹ́. Bí àkójọ mẹ́ta bá wọ ìpele kejì, tí ọ̀tún paraku sì rí ìdá 35 nígbà tí àwọn méjì yòókù ní díẹ̀ tó kéré sí i, òun ni èènì yóò bọ́ sí lọ́wọ́, ilé náà yóò sì di tirẹ̀. Òfin tí wọ́n fi lé e sẹ́yìn lè gbé e wọlé. Ohun tí àwọn olóṣèlú rí ní alẹ́ ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá 2015 nìyẹn, tí orí wọn fi gbóná.

Ọjọ́ méjì ní 2015

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ìdìbò náà tó dé, lálẹ́ ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwọn agbésùnmọ̀mí pa èèyàn ní Paris. Ìbẹ̀rù ṣì wà nílẹ̀. Ní àríwá, ní ẹkùn Nord-Pas-de-Calais-Picardie tí wọ́n wá ń pè ní Hauts-de-France, Marine Le Pen fúnra rẹ̀ rí ìdá 40. Xavier Bertrand ti apá ọ̀tún rí 25. Pierre de Saintignon ti Parti Socialiste rí 18. Òfin gba Saintignon láyè kó padà wá, nítorí 18 ju 10 lọ. Bó bá padà wá, òun àti Bertrand yóò pín ìbò àwọn tó kọ Le Pen, Le Pen yóò sì bá àárín wọn kọjá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó fà sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn. Ní PACA, Marion Maréchal-Le Pen, ọmọ ẹ̀gbọ́n Marine, ní ìdá 40 bákan náà. Christophe Castaner tó ṣe ipò kẹta fún apá òsì juwọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ 13, Bertrand rí ìdá 57.8. Christian Estrosi ti apá ọ̀tún ní PACA rí nǹkan bí 55. Àwọn tó dìbò fún apá òsì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ di imú mú, wọ́n sì dìbò fún ọ̀tún kí ọ̀tún paraku má baà wọlé.

Ní ìlà-oòrùn, Jean-Pierre Masseret ti Parti Socialiste kọ̀ jálẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kó fà sẹ́yìn, ó ní òun kò lọ. Front National sì pàdánù níbẹ̀ náà: Philippe Richert ti apá ọ̀tún rí ìdá 48, Florian Philippot ti Front National 36, Masseret 15 àti díẹ̀. Àwọn olùdìbò ti ṣe ohun tí olóyè ẹgbẹ́ kọ̀ láti ṣe. Ní ẹkùn mẹ́ta yòókù, apá òsì ló borí lórí ìjà ẹlẹ́ni mẹ́ta, ọ̀kan sì há gan-an: ní Bourgogne-Franche-Comté, Marie-Guite Dufay ní ìdá 34.7, ẹni ọ̀tún ní 32.9, Front National ní 32.4. Ìdá méjì àti díẹ̀ ló wà láàárín ipò kìíní àti ipò kẹta, ṣùgbọ́n ẹni kìíní ló kó gbogbo èènì lọ.

Ẹni tó bá fà sẹ́yìn kì í mú ohunkóhun bọ̀. Nítorí pé inú ìpele kejì ni wọ́n ti ń pín ìjókòó, àkójọ tí kò sí níbẹ̀ kò ní káńsẹ́lọ̀ kankan. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún àti ààbọ̀, apá òsì kò ní ẹni tó lè nawọ́ sókè nínú ìgbìmọ̀ ẹkùn Hauts-de-France tàbí ti PACA, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣàkóso láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "kí ẹ juwọ́ sílẹ̀" fi máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ní gbogbo ìgbà.

Máàpù tó ń pààrọ̀ aṣọ

Ní 1986, apá ọ̀tún gba 20 nínú ẹkùn 22 tó wà ní Yúróòpù nígbà náà. Ní 2004, apá òsì gba 20 nínú 22 kan náà; Alsace àti Corsica nìkan ló ṣẹ́kù fún ọ̀tún. Ní 2010, òsì gba 21, Alsace nìkan ló dá dúró. Ní 2015, ọ̀tún gba 7, òsì 5, àwọn tó fẹ́ kí Corsica dá dúró díẹ̀ sí i gba Corsica.

Ẹni tó bá wò ó gààràgà á rò pé àwọn Faransé kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó yé wọn dáadáa. Ìbò ìbínú ni wọ́n ń dì. Ìdìbò ẹkùn sábà máa ń bọ́ sí àárín sáà Ààrẹ, olùdìbò kò sì lè fọwọ́ kan Ààrẹ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ilé Ààrẹ ni ẹgba náà ń ba. Ní 2004, Jacques Chirac ló wà lórí àga, olóòtú ìjọba rẹ̀ sì ni Jean-Pierre Raffarin. Ségolène Royal ti apá òsì lọ gba Poitou-Charentes, ẹkùn tí Raffarin fúnra rẹ̀ ti ṣe ààrẹ rẹ̀. Ní 2010, Nicolas Sarkozy ló jẹ ẹgba. Ní 2015, ó kan François Hollande.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi 21 ti 2010 wé 5 ti 2015 kí ẹ wá ní òsì ti run tán. Láàárín wọn, ìjọba Hollande ti da àwọn ẹkùn pọ̀ mọ́ ara wọn, 22 di 13. Alsace tó dá dúró fún ọ̀tún ní 2010 kò sí lórí máàpù ẹkùn mọ́. Wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ Lorraine àti Champagne-Ardenne, ó di Grand Est, ọ̀pọ̀ ará Alsace kò sì tíì dárí jì wọ́n. Nouvelle-Aquitaine tóbi ju orílẹ̀-èdè Austria lọ. Bí ẹkùn bá ti tóbi tó báyìí, ìbò díẹ̀ lè yí àwọ̀ ilẹ̀ tó gbòòrò padà. Ní Normandie, ìbò tí Hervé Morin ti apá ọ̀tún fi ju ẹni tó tẹ̀lé e lọ kò tó 5,000.

Ti ìlú ńlá tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Níbẹ̀, ìdajì gbogbo ìjókòó ni èènì, kì í ṣe ìdá 25. Paris, Lyon àti Marseille ní òfin tiwọn: títí di òfin tí wọ́n ṣe ní 2025, àdúgbò ní àdúgbò ni wọ́n ń dì í, kò sì sí ìdìbò kan fún gbogbo ìlú. Òfin tuntun náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ìdìbò oṣù Kẹta 2026 fún wọn ní ìdìbò fún gbogbo ìlú, ó sì dín èènì wọn kù sí ìdá 25. Méyọ̀ pàápàá, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yàn án. Ní 2014, apá òsì pàdánù ìlú tó lé ní 150 nínú àwọn tí èèyàn wọn lé ní 10,000, títí kan Limoges tó ti wà lọ́wọ́ wọn láti 1912. Olóòtú ìjọba Jean-Marc Ayrault kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní 2020, ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé gba Lyon, Strasbourg àti Bordeaux, ìlú tí ọ̀tún ti ń ṣàkóso láti 1947. Ní Perpignan, Louis Aliot gba ìlú fún ọ̀tún paraku. Ẹgbẹ́ Emmanuel Macron, tó ní Ààrẹ, tó ní ilé aṣòfin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìlú ńlá kan mú.

Ti département kò gbà mí lákòókò púpọ̀, àfi ohun méjì. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló jọ ń dupò papọ̀ bíi tọkọtaya orí bébà, láti 2015. Kó tó dìgbà yẹn, obìnrin kò tó ìdá 15 nínú àwọn ìgbìmọ̀ náà. Èkejì ni pé yàtọ̀ sí àwọn méjì àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọ ìpele kejì gbọ́dọ̀ rí ìdá 12.5 nínú gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé ìdìbò, kì í ṣe nínú ìbò tí wọ́n dì. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́ta bá jáde, 12.5 yẹn ti di nǹkan bí ìdá 37 ìbò tó wà nínú àpótí. Ẹni kẹta kò lè rí i lójú àlá.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́ta tí mo sọ yẹn kì í ṣe àfiwé lásán. Ní oṣù Kẹfà 2021, wọ́n dì ti ẹkùn àti ti département pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti jẹ́ kí wọ́n sún un síwájú láti oṣù Kẹta. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ jókòó sílé. Nínú ẹkùn 13 ti Yúróòpù, kò sí ọ̀kan tó yí padà. Àwọn tó wà lórí àga ló tún wọlé, gbogbo wọn: Bertrand, Valérie Pécresse ní Île-de-France, Carole Delga ti apá òsì ní Occitanie, àti àwọn yòókù. Òkè òkun ni ìyípadà ti ṣẹlẹ̀: Huguette Bello gba La Réunion lọ́wọ́ Didier Robert, Gabriel Serville gba Guyane, Serge Letchimy gba Martinique.

Ìbínú sí Macron kò ṣàì sí lọ́dún yẹn. Kí ló dé tí kò hàn lórí máàpù? Macron kò ní ẹkùn kankan tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀wù, ẹ kò lè fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ní Hauts-de-France, mínísítà ètò ìdájọ́ rẹ̀, Éric Dupond-Moretti, wà nínú àkójọ ẹgbẹ́ náà. Ìdá 9 ni wọ́n rí, wọn kò wọ ìpele kejì.

Ibi tí ó ti ń jà gan-an

Bí ẹkùn kò bá lè ṣòfin, tí kò sì ní owó púpọ̀, kí ni wọ́n ń jà sí? Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ará ìlú ló ń dìbò yan àwọn sẹ́nétọ̀ 348 tó wà ní Faransé. Àwọn tí ará ìlú ti yàn ló ń yàn wọ́n, nǹkan bí ìdá 95 nínú wọn sì ń wá láti ìgbìmọ̀ ìlú. Nítorí náà abúlé kékeré tó ní èèyàn 300 ń ní ohùn nínú ilé aṣòfin àgbà. Lẹ́yìn tí apá òsì ti ń borí nínú ìdìbò ìbílẹ̀ láti 2004, wọ́n gba ilé náà ní 2011, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1958. Ní oṣù Kẹta 2014 wọ́n pàdánù ìlú tó pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ilé aṣòfin àgbà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ dupò Ààrẹ gbọ́dọ̀ rí ìbuwọ́lù 500 láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n dìbò yàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ méyọ̀ abúlé.

Ọ̀rọ̀ ta ló lè dìbò náà máa ń wáyé lọ́dọ̀ àwọn ará wa tó ń gbé níbẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) tó ń gbé ní Faransé lè dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú, àmọ́ kì í ṣe ti ẹkùn tàbí département, kò sì lè di méyọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tàbí Benin tí kò tíì gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Faransé kò lè dì ọ̀kankan, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Mitterrand ṣèlérí ní 1981 pé òun yóò fún àwọn àjèjì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nílùú tí wọ́n ń gbé. Títí di òní, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé 2021, kí ẹ lè mọ bí máàpù ẹkùn àti àga Ààrẹ ṣe jìnnà síra. Les Républicains àti ìbátan wọn ló ní ẹkùn tó pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹrin 2022, Pécresse, ààrẹ Île-de-France, dupò Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ó rí ìdá 4.8. Parti Socialiste ṣì ní ẹkùn márùn-ún, wọ́n sì ní Paris; Anne Hidalgo, méyọ̀ Paris nígbà náà, rí ìdá 1.75. Marine Le Pen, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ẹkùn kan, wọ ìpele kejì, ó sì rí ìdá 41.

Ní PACA, nǹkan tún ṣẹlẹ̀ bíi ti 2015. Jean-Laurent Félizia ti ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tó kó apá òsì jọ ní 2021, rí ìdá 17 ní ìpele àkọ́kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ó ní òun kò fà sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti fi ìpè dà á láàmú, ó juwọ́ sílẹ̀. Ní Marseille ni ilé ìgbìmọ̀ ẹkùn náà wà, ìlú tí apá òsì gbà lọ́wọ́ ọ̀tún ní 2020 lẹ́yìn ọdún 25. Oṣù Kẹta 2028 ni ìdìbò ẹkùn tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, káńsẹ́lọ̀ apá òsì kan kò ní jókòó nínú ilé náà.